Ẹrù Méjì Tí Kò Bára Mu

Bí ẹ bá fẹ́ bá Taimi Vainikka mu kọfí, ẹ gbé ọwọ́ yín méjèèjì sórí tábìlì kí ó lè rí wọn. Ọdún mẹ́tàlélógún ni a ti jọ ń gbé ilé kan náà ní ìlú Turku ní Finland, èmi lókè, obìnrin náà nísàlẹ̀, síbẹ̀ bí mo bá gbé búrẹ́dì dídùn wá fún un, ìdí búrẹ́dì ni yóò kọ́kọ́ wò kí ó tó wo ojú mi. Àgádágodo méje ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó dáa, mẹ́ta ni. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe máa ń tì wọ́n, tí á ṣí wọn, tí á tún wọn tì, ẹni tó bá ń gbọ́ ọ láti òkè á búra pé méje ni.

Ilé-iṣẹ́ omi ìlú ló ń bá ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Iṣẹ́ oúnjẹ nìyẹn. Iṣẹ́ tó ń gbé e dìde lórí ibùsùn jẹ́ òmíràn, ọ̀fẹ́ ló sì ń ṣe é láti ọdún mọ́kàndínlógún: ó ń bá wọn di Sarana.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí òun ṣe sọ ọ́ fún mi, kí n tó fi iyọ̀ tèmi sí i. Àwọn èèyàn kan wà káàkiri ayé tí wọ́n ń kọ sọ́fúwia, tí wọ́n sì ń fi í sílẹ̀ ní gbangba, kí ẹni tó bá fẹ́ mú un, kí ó kà á, kí ó tún un ṣe. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀ ni Sarana. Máàpù ló ń bá kọ̀ǹpútà kà. Kì í dá dúró. Inú sọ́fúwia mìíràn ló ń gbé, bí iyọ̀ ṣe ń gbé inú ọbẹ̀, tí kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀ àfi ọjọ́ tí kò bá sí. Panápaná ń lò ó, apẹja ń lò ó, ọkọ̀ òfuurufú ń lò ó. Bóyá òṣùpá náà ń lò ó, n kò tíì débẹ̀.

Ohun tí àwọn òǹkọ̀wé yẹn kọ, bí ọkà tí a kò tíì lọ̀ ló rí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ̀ ọ́, kí ó dì í, ní ọ̀nà tí irú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan lè gbà jẹ ẹ́. Windows fẹ́ kí wọ́n dì í báyìí, Mac ní kí wọ́n dì í bọ́hùn-ún. Ti Linux tún wá yàtọ̀, nítorí Linux kì í ṣe ẹnì kan, agbo ilé ni, ọmọ inú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ọ̀nà mọ́kànlá ni Taimi ń gbà di ẹrù kan ṣoṣo. Bí ó bá dì í tán, á lu òǹtẹ̀. Òǹtẹ̀ náà kì í ṣe ti rọ́bà o; ìṣirò ni, ó wà nínú irin kékeré kan tó ń fi okùn kọ́ sọ́rùn, tó fi ń wẹ̀, tó fi ń sùn. Kọ̀ǹpútà tó bá ti rí òǹtẹ̀ yẹn lára ẹrù á ṣílẹ̀kùn fún un láìbéèrè ọ̀rọ̀. Ẹ wá rí ìdí tí ọrùn náà fi jẹ́ ọrùn tí kò gba gbẹ̀rẹ́.

Ní oṣù kìíní ọdún tí mò ń sọ yìí ni ẹnì kan tó ń jẹ́ Sixten Norling bẹ̀rẹ̀ sí fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Bí nǹkan bá bàjẹ́ láàárọ̀, Sixten á ti tún un ṣe kó tó di ọ̀sán. Èyí tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe, òun ló ń ṣe é.

Taimi gun àtẹ̀gùn wá bá mi. "Bàbá Ilmo, ẹ bá mi wo ọkùnrin yìí."

"Kí ló ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Òun ló ń bà mí lẹ́rù. Mo bú u lọ́jọ́ Ajé, ó ní òun dúpẹ́. Mo tún bú u lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní mo tọ̀nà."

"Bóyá ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni."

"Nínú iṣẹ́ wa yìí? Níbo lẹ ti rí ìyẹn rí?"

Ó wá fi aago hàn mí. Gbogbo iṣẹ́ tí èèyàn bá ṣe ní àwùjọ wọn, wákàtí tó ṣe é máa ń wà lára rẹ̀, pẹ̀lú aago ìlú tó wà. Ti Sixten, lówùúrọ̀ aago Finland ni; tó bá di ìrọ̀lẹ́, aago Sweden ni. Ní ọjọ́ kejì, ó tún padà. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe fún ọjọ́ mẹ́wàá, á sì dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá bí ẹni tó kú.

"Èèyàn kan kì í ní aago méjì," ni Taimi wí. "Méjì ni wọ́n. Bí wọ́n bá sì ti dákẹ́, ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn ni wọ́n lọ."

Mo ní, "Bóyá mẹ́ta ni wọ́n. Ẹnì kẹta ló máa ń sùn."

Àwàdà ni mo ń ṣe. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti gbé òfin tuntun kalẹ̀ fún Sarana: òun kò ní lu òǹtẹ̀ sára ẹrù kankan mọ́ àfi bí èèyàn méjì bá di ohun kan náà lórí kọ̀ǹpútà méjì, tí ẹrù méjèèjì sì bára mu dé orí àmì tó kéré jù. Wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wò ó. Láti inú ẹrù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń fa ìlà nọ́ńbà àti lẹ́tà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta yọ. Bí ẹyọ kan bá yí padà nínú ẹrù, odidi ìlà náà á dàrú. Gbogbo ayé yìn ín fún òfin náà. Wọn kò mọ̀ pé pańpẹ́ ni, Sixten ni Taimi dẹ ẹ́ fún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni pé ojú Taimi ń kú lọ. Àwọ̀ funfun bo ẹyinjú rẹ̀ bí ìgbà tí ìjì òkun bá fi iyọ̀ rẹ́ fèrèsé. Ó pẹ́ tó ti wà lórí ìlà ilé ìwòsàn, ìgbà tí wọ́n sì máa dá a lóhùn, wọ́n ní kí ó wá lọ́jọ́ Ẹtì kan ní oṣù kẹsàn-án, agogo mẹ́jọ àárọ̀. Bí kò bá wá, ó di oṣù mẹ́jọ sí i. Wọ́n ní lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kò gbọdọ̀ wo kọ̀ǹpútà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n rí ihò lára Sarana. Olè lè fi àṣẹ pa mọ́ sínú máàpù. Kọ̀ǹpútà tó bá ṣí máàpù náà, ó ti ṣílẹ̀kùn fún olè. Àṣà wọn ni pé ẹni tó bá rí irú ihò bẹ́ẹ̀ kì í pariwo. Á rọra sọ fún àwọn tó ni ín, wọn á sì jọ dá ọjọ́ tí gbogbo ayé máa gbọ́. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan náà ni wọ́n dá. Bí ẹrù tí a ti tún ṣe kò bá tíì jáde kí ọ̀sán ọjọ́ yẹn tó dé, olè àti onílé á jọ gbọ́ nípa ihò ní ìṣẹ́jú kan náà, ẹ sì mọ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yá jù nínú àwọn méjèèjì.

Àwọn òǹkọ̀wé dí ihò náà. Nígbà tó máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Sixten ti di gbogbo ẹrù mọ́kànlá. Ó ku òǹtẹ̀, ẹrù àkọ́kọ́ lábẹ́ òfin tuntun sì nìyí. Taimi gbé awò ńlá tí wọ́n fi ń sọ lẹ́tà kékeré di ńlá sójú, ó sì fi ìnira di ẹyọ kan lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó fa ìlà rẹ̀ yọ, ó fi wé ti Sixten.

Kò bára mu.

Ariwo tó pa, mo rò pé ilé ń jó. "Mo mú un! Bàbá, mo mú un!"

"Kí ló fi síbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Ojú mi ò gbé e láti tú u wò. Ṣùgbọ́n nǹkan wà níbẹ̀."

"Ẹlòmíràn ò lè dì í ni?"

"Ta ni? Àwọn tó ń kọ ọ́ ò mọ bí wọ́n ṣe ń dì í. Ọ̀nà mọ́kànlá, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Èmi àti olè yẹn." Ó jókòó sórí àga mi láìwo ìdí rẹ̀ kọ́kọ́, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá bẹ́ẹ̀. "Bí mo bá lu òǹtẹ̀, mo ti mú olè wọ ilé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Bí mi ò bá lù ú, ọjọ́ Ẹtì á bá ihò ní ṣíṣí sílẹ̀."

Ó kọ̀wé sí Sixten pé kó wá fi ojú àti ìwé ìrìnnà rẹ̀ han òun. Àṣà wọn nìyẹn náà: ẹni tí o kò bá rí lójúkojú, tí o kò sì rí ìwé rẹ̀, o kò gbọdọ̀ jẹ́rìí pé òun ni. Èsì dé kíá: "Mi ò lè wá sílé yín, mà. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń kúrò ní Turku láàárọ̀ Ọjọ́bọ. Agogo méjìlá, ilé oúnjẹ, dẹ́ẹ̀kì keje. Èmi náà ní ohun tí mo fẹ́ bi yín."

"Ẹ rí i? Ó fẹ́ tì mí sómi."

"Màá tẹ̀ lé yín. Tó bá tì yín, màá sọ ibi tẹ́ ẹ já sí fún ọlọ́pàá."

"Ẹ mú kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ fi ń ta ayò dání."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹlẹ́rìí ni. Àfi ayò, kò mọ nǹkan kan nínú ayé yìí. Kò lè ṣègbè."

Ọjọ́bọ ni, nítorí náà, bí àṣà Finland, ọbẹ̀ ẹ̀wà aláwọ̀ ewé pẹ̀lú músítádì ni wọ́n ń bù nínú ọkọ̀, àti pankéèkì lẹ́yìn rẹ̀. Taimi fi ẹ̀yìn ti ògiri, ọwọ́ kan lórí síbí, ọwọ́ kejì lọ́rùn níbi tí òǹtẹ̀ wà. Èmi ni ojú rẹ̀. Mo ń sọ fún un pé ọkùnrin kan tó wọ fìlà ti wo ibi tí a wà lẹ́ẹ̀mẹrin. Pé obìnrin tó ń ya fọ́tò òkun yẹn, òkun kọ́ ló ń yà. Kí Ọlọ́run foríjì mí. Mo gbádùn ara mi.

Ẹni tó wá dúró níwájú wa jẹ́ géńdé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, tó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ọsàn, tí epo ẹ̀rọ dúdú sì bo ọwọ́ rẹ̀ dé ìgunpá. "Ẹ káàsán, mà. Ẹ káàsán, bàbá. Èmi ni Sixten. Wákàtí kan ni mo ní, ẹ́ńjìnnì ń retí mi nísàlẹ̀."

Ẹ̀rín pa mí, ọbẹ̀ gba imú mi jáde. Atún-ẹ́ńjìnnì-ṣe inú ọkọ̀ ni! Láàárọ̀ ó wà ní Turku, nírọ̀lẹ́ ó wà ní Sweden, aago kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé ọkọ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá lórí omi, ọjọ́ mẹ́wàá ní erékùṣù bàbá rẹ̀, níbi tí bàbá náà kò ti gbà kí kọ̀ǹpútà wọlé.

Taimi kò rẹ́rìn-ín. "Ìwé ìrìnnà."

Ó gbé ìwé náà sún mọ́ imú, ó yí i síbi iná, ó ní kí n bá òun wo etí. Mo ní etí ń bẹ níbẹ̀, méjì. Ó ní kí n má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

"Tiyín ńkọ́, mà?" ni Sixten wí.

"Tèmi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Láti ọdún mọ́kàndínlógún, kò sẹ́ni tó bi í rí. Ó yọ ọ́ bí ẹni ń yọ eyín. Sixten nu ọwọ́, ó yẹ ìwé náà wò láti iwájú dé ẹ̀yìn. "Irun yín dúdú nínú fọ́tò yìí."

"Ó dúdú nígbà náà."

"Hm," ni Sixten wí, n kò sì tíì gbọ́ 'hm' tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ láyé mi.

Taimi fi ìka lu tábìlì. "Ó tó. Ẹrù rẹ àti tèmi ò bára mu. Kí lo fi sínú rẹ̀?"

Sixten yọ bébà kan lápò, ó tẹ́ ẹ síwájú Taimi, ó wá rántí pé ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ó sì kà á sókè. Ó ní òun ti di gbogbo Sarana àtijọ́ fúnra òun, ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun sì fi wọ́n wé èyí tí Taimi lu òǹtẹ̀ mọ́. "Ti ọdún méje sẹ́yìn bára mu. Ti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn bára mu. Láti ọdún mẹ́fà wá, kò sí ẹyọ kan tó bára mu, mà. Ẹyọ kan. Kí lẹ̀yin ń fi sínú ẹrù?"

"Èmi?"

"Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ń ràn yín lọ́wọ́ láti oṣù kìíní. Mo fẹ́ sún mọ́ yín kí n lè mọ ohun tẹ́ ẹ ń ṣe."

Ẹ ò rí ojú Taimi! Ìbínú àti ayọ̀ ń du ibẹ̀. "Mo mọ̀! Bàbá, mo sọ fún yín! Mo ní ìwà rere ọmọ yìí kì í ṣe lásán!"

"Ẹ tọ̀nà, mà. Ẹ dáhùn ìbéèrè mi."

Ó na ọwọ́ sí mi, mo gbé kọ̀ǹpútà ayò lé e lọ́wọ́. Sixten ní òun ní gbogbo irinṣẹ́ ìdìpọ̀ nínú irin kékeré kan. Taimi ní kó fi irin rẹ̀ sápò, kó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì. Láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ la ti fà wọ́n, láti ibi tí gbogbo ayé ti ń fà wọ́n. Mo ń tẹ ohun tí Taimi bá ní kí n tẹ̀, Sixten ń wò mí kí n má tẹ òmíràn, Taimi ń gbọ́ Sixten kí ó má sún mọ́ mi. Erékùṣù ń kọjá lójú fèrèsé. Ọbẹ̀ wa di dídì. Gbogbo mọ́kànlá la dì, ó sì gbà tó ìṣẹ́jú márùndínlógójì. 

Ó parí. Ìlà jáde. Mo ka ti Taimi sókè, mo ka ti Sixten, mo wá ka ti ẹlẹ́rìí.

"Ẹ tún un kà," ni Taimi wí.

Mo tún un kà.

"Ẹ fún ẹlòmíràn."

Obìnrin tó ń ya fọ́tò òkun ni mo bẹ̀. Ó gbé pankéèkì rẹ̀ kalẹ̀, ó kà á, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, bí ẹni ń ka ìwé fún adájọ́. Ti ẹlẹ́rìí bá ti Sixten mu láti orí dé ẹsẹ̀. Ti Taimi ló dá yàtọ̀.

Nígbà tí Taimi máa sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́ ni. Ó ní irinṣẹ́ kan wà tó ń fún ẹrù pọ̀ kí ó lè kéré. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, àwọn tuntun gba iṣẹ́ irinṣẹ́ náà, òun kò sì mọ̀ wọ́n. Òun kò gba tiwọn. Òun tọ́jú ti àtijọ́, òun fi ọwọ́ ara òun tún un ṣe, òun fi pa mọ́ sínú kọ̀ǹpútà òun. Irinṣẹ́ yẹn ló ti ń fún ẹrù pọ̀ láti ìgbà náà. Òun ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá.

"Ṣé ẹ kọ ọ́ síbì kankan?" ni Sixten bi í.

"Rárá."

"Ṣé ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ta ni kí n sọ fún?"

Ọmọ náà fi ẹ̀yìn ti àga. Ó ṣírò nǹkan lórí bébà rẹ̀, ó wo iye àmì tó yàtọ̀, ó ní òótọ́ ló jọ, pé ìfúnpọ̀ nìkan ni, kò sí ibi nínú rẹ̀. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mà. Ẹ lu òǹtẹ̀ mọ́ tèmi. Ti ọdún mẹ́fà yìí, ká sọ ọ́ fún wọn tí ojú yín bá yá. Kò sẹ́ni tó mọ̀."

"Bí olè ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn," ni Taimi wí. "Tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Bàbá Ilmo, ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ máa wò ó bóyá ohun tí mo sọ ló ń tẹ̀."

Ó sọ ọ́ fún gbogbo àwùjọ Sarana: èmi Taimi Vainikka, ẹrù tí mo lu òǹtẹ̀ mọ́ láti ọdún mẹ́fà, kò sí ẹlòmíràn tó lè di irú rẹ̀, nítorí mo fi irinṣẹ́ tí ẹ kò mọ̀ dì í, irinṣẹ́ náà nìyí, ẹ tú u wò. Láti òní, òǹtẹ̀ méjì ni ẹrù máa ní, tèmi àti ti Norling, a kò sì ní gba èyí tó bá ní ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà ó bọ́ okùn ọrùn rẹ̀, ó ní kí n ka ìlà gbogbo ẹrù mọ́kànlá, ti ẹlẹ́rìí àti ti Sixten, fún òun, ó sì lu òǹtẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sixten lu tirẹ̀ tẹ̀ lé e. A wà láàárín òkun nígbà tí ẹrù náà jáde lọ bá ayé, ọjọ́ Ẹtì ò tíì dé.

Ọkọ̀ òru gbé wa padà sí Turku, wọ́n sì ṣe ojú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí wọ́n ti fi òwú bò ó, mo jókòó ti ibùsùn rẹ̀, mo ń ka èsì fún un. Mọ́kànlélógójì ni. Púpọ̀ ń dúpẹ́, mẹ́sàn-án bú u; ọ̀kan nínú wọn ní kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ó lọ máa wo ọmọ-ọmọ, tí kò ní. Mo fẹ́ fo ìyẹn, ó ní òun gbọ́ bí mo ṣe mí.

Ọ̀kan wá láti Portugal. Mo kà á: "Ta ni Sixten Norling yìí? Aago méjì ló ní. Ṣé ẹnikẹ́ni ti rí i rí?"

Taimi gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí.

"Ẹ kọ sí i pé mo ti rí i," ni ó wí. "Ẹ kọ ọ́ pé mo rí ìwé rẹ̀. Ẹ wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kó má gbà mí gbọ́ o. Kó di ẹrù náà fúnra rẹ̀, kó wò ó bóyá ó bára mu."